Orí Kan, Owó Kan? Ẹ̀tọ́ àti Ìdọ́gba Nínú Owó Orí Láàrin Olówó, Ilé-iṣẹ́ Ńlá àti Ẹgbẹ́ Àárín ní Èjìgbò, Ìpínlẹ̀ Èkó

Àṣamọ̀

Orúkọ tí Yorùbá fún owó tí ará ìlú ń san fún ìjọba, ìyẹn owó orí, ń fi hàn pé orí ènìyàn ni wọ́n kọ́kọ́ ń kà, kì í ṣe àpò rẹ̀. Àpilẹ̀kọ yìí gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò ní Èjìgbò, ní ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí òṣìṣẹ́ olówó-oṣù, awakọ̀ dáńfó, onílé ńlá àti dẹ́pò epo ti jọ ń lo ojú ọ̀nà kan náà. Ó ṣàlàyé bí òfin tí ó wà títí di òpin 2025 ṣe di ẹrù ru ẹgbẹ́ àárín, ohun tí Òfin Owó Orí Nàìjíríà ti 2025 tún ṣe, àti ohun tí ó ṣẹ́ kù. Kókó àlàyé náà ni pé ìdá tí òfin kọ sílẹ̀ nìkan kò tó láti mọ̀ bóyá owó orí bá ẹ̀tọ́ mu. Ó yẹ kí a tún bèèrè owó ta ni ojú ìjọba tó, owó ta ni ojú rẹ̀ kò tó, àti ibi tí owó náà padà sí lẹ́yìn tí wọ́n bá gbà á tán.

Ìfáàrà

Èjìgbò méjì ni ó gbajúmọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ọ̀kan wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Èkejì, tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí, jẹ́ ìlú Àwórì ní ìpínlẹ̀ Èkó, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀, tí ó sì múlé ti Ìkọ̀tún, Ìdìmú àti Òkè-Afá. Ohun méjì ni àlejò tí ó bá dé agbègbè yìí máa ń tètè rí. Àkọ́kọ́ ni ilé Jákàńdè ní Òkè-Afá, ọ̀kan lára àwọn ilé olówó pọ́ọ́kú tí ìjọba Lateef Jákàńdè, gómìnà Èkó láàrin 1979 sí 1983, kọ́ kí òṣìṣẹ́ tí kò lówó púpọ̀ lè ní òrùlé lórí. Èkejì ni dẹ́pò epo NNPC, tí epo ń gba inú páìpù wá sí láti Atlas Cove ní etí òkun. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbàkígbà tí epo bá wà nínú dẹ́pò náà, táńkà a máa tò lẹ́bàá ọ̀nà, dáńfó àti ọ̀kadà a sì máa wá ibi tí wọn yóò gbà kọjá láàrin wọn.

Ojú ọ̀nà kan ṣoṣo yìí ti tó láti fi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ owó orí. Gbogbo ẹni tí ó ń gbà á ni ó ń san nǹkan kan fún ìjọba, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń gbà san án yàtọ̀ gan-an ni. Wọ́n ń yọ ti òṣìṣẹ́ kí owó oṣù rẹ̀ tó dé ọwọ́ rẹ̀. Awakọ̀ dáńfó ń san tirẹ̀ lójoojúmọ́, ìbáà jèrè, ìbáà pàdánù. Onílé ńlá lè san, ó sì lè má san, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ni yóò lọ sọ iye tí ó ń gbà. Ilé-iṣẹ́ ńlá ń san tirẹ̀ fún ìjọba àpapọ̀, ní ibi tí ó jìnnà sí ojú ọ̀nà tí táńkà ti ń kọjá. Nínú iṣẹ́ yìí, ẹgbẹ́ àárín dúró fún àwọn tí kì í ṣe òtòṣì tí òfin yọ̀ǹda fún, tí wọn kò sì ní ọrọ̀ tí ó tó láti gba agbẹjọ́rò àti oníṣirò tí yóò máa ṣọ́ ọ: nọ́ọ̀sì, olùkọ́, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, oníṣòwò tí ó ní ṣọ́ọ̀bù kan tàbí méjì.

Orí tàbí àpò: ohun tí orúkọ náà ń sọ

Kí ìjọba amúnisìn tó dé, oríṣìíríṣìí owó ni Yorùbá ń san. Ìsákọ́lẹ̀ ni ti ẹni tí ó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Owó oníbodè ni ti oníṣòwò tí ó gbé ẹrù gba ẹnu bodè kọjá. Ohun tí ó so méjèèjì pọ̀ ni pé ohun tí ènìyàn ń lò tàbí tí ó gbé lọ́wọ́ ni wọ́n ń wò. Ẹni tí kò dáko lórí ilẹ̀ ẹlòmíràn kì í san ìsákọ́lẹ̀. Ẹni tí kò ru ẹrù kò ní ohun tí oníbodè yóò bù nínú rẹ̀.

Owó orí yàtọ̀ sí èyí. Orí ni ó ń kà. Nígbà tí ìjọba Lugard gbé e wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní 1918, ogun Adúbí bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún yẹn kan náà. Ní 1947, àwọn obìnrin Abẹ́òkúta, lábẹ́ ìdarí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, dìde lòdì sí owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin tí kò ní aṣojú kankan níbi tí wọ́n ti ń pinnu iye rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìlú sílẹ̀ ní 1948. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, láàrin 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ Agbẹ́kọ̀yà dìde ní ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn. Wọn kò sọ pé àwọn kò ní san kọ́bọ̀. Ṣílè 30 ni wọ́n ní agbára àwọn ká, nítorí pé owó tí ìjọba ń rà kòkó lọ́wọ́ wọn kò tó nǹkan, owó orí sì ń gòkè. Nígbà tí ìjà náà rọlẹ̀, ìjọba dín owó náà kù sí pọ́n-ùn 2.

A sábà máa ń ka àwọn ìtàn mẹ́ta yìí sí ìtàn àwọn tí kò fẹ́ san owó orí. Bí a bá wò ó dáadáa, ohun tí wọ́n kọ̀ ni iye kan náà tí wọ́n bù lé orí ẹni tí ó ní àti ẹni tí kò ní. Yorùbá ní ìka kò dọ́gba. Ẹ̀tọ́ nínú owó orí dúró lórí òye yìí, ó sì ní apá méjì: kí àwọn tí agbára wọn dọ́gba san iye tí ó dọ́gba, kí ẹni tí agbára rẹ̀ ju ti ẹnìkejì lọ san jù ú lọ. Bí apá kìíní bá yẹ̀, aládùúgbò méjì tí owó kan náà ń wọlé fún yóò máa ru ẹrù tí kò dọ́gba. Bí apá kejì bá yẹ̀, tálákà ni yóò máa ru ẹrù olówó. Àpẹẹrẹ àṣìṣe méjèèjì wà ní Èjìgbò.

Àkàsọ̀ tí kò ga: òfin tí ó wà títí di 2025

Àtúnṣe tí ó wáyé ní 2011 ni ó fún òfin owó orí lórí owó tí ń wọlé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní àkàsọ̀ alátẹ̀gùn mẹ́fà, láti 7% sí 24%. Àkàsọ̀ náà dára lójú, ṣùgbọ́n kò ga. Bí owó tí a ń ṣírò owó orí lé lórí bá ti kọjá ₦3,200,000 lọ́dún, 24% ni lórí gbogbo ohun tí ó bá lé, ìbáà jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan, ìbáà jẹ́ bílíọ̀nù kan. Ní 2011, ₦3,200,000 jẹ́ owó ẹni tí ó rí ṣe. Bí náírà ti ń yọ̀ lọ́dọọdún tí ìjọba kò sì gbé àmì náà sókè, owó tí wọ́n fi ń mọ olówó tẹ́lẹ̀ di owó oṣù òṣìṣẹ́ lásán.

Kí a mú nọ́ọ̀sì àgbà kan ṣe àpẹẹrẹ, tí ó ń gba ₦300,000 lóṣù, ìyẹn ₦3,600,000 lọ́dún. Kí ìṣirò má bàa lọ́jú, a fi owó ìfẹ̀yìntì sílẹ̀. Lábẹ́ òfin àtijọ́, wọn yóò kọ́kọ́ yọ ₦200,000 pẹ̀lú 20% gbogbo owó rẹ̀ sẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí ìdẹ̀rùn, àpapọ̀ rẹ̀ ₦920,000. Owó orí lórí ìyókù jẹ́ ₦450,800, èyí tí í ṣe 12.5% gbogbo owó tí ó gbà. Kí a wá mú ẹlòmíràn tí ₦60,000,000 ń wọlé fún lọ́dún. Fún òun, ìdẹ̀rùn náà jẹ́ 1% pẹ̀lú 20%, ìyẹn ₦12,600,000. Owó orí rẹ̀ jẹ́ ₦11,168,000, ìyẹn 18.6%.

Ẹni tí ó bá wo ìdá nìkan yóò ní olówó ń san jù, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ìdẹ̀rùn tí òfin fún olówó náà tó ìlọ́po mẹ́ta àti ààbọ̀ gbogbo owó tí nọ́ọ̀sì náà gbà lọ́dún. Bí owó ènìyàn ṣe ń pọ̀ sí i ni ohun tí ìjọba fi jì í ń pọ̀ sí i. Ìdẹ̀rùn tí ó yẹ kí ó gbé ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ ró ni ó ń gbé ẹni tí ó wà lókè.

Èyí tí ó tún burú jù ni ti èrè lórí ilẹ̀ àti ilé. Òfin ọ̀tọ̀ ni ó ń ṣàkóso rẹ̀, 10% péré sì ni ó ń gbà, láìka bí èrè náà ti pọ̀ tó. Ẹni tí ó ra ilẹ̀ sí Èjìgbò nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ ẹ̀yìn ìlú, tí ó tà á nígbà tí ilẹ̀ Èkó wọ́n gógó, 10% ni òfin ní kí ó san lórí èrè tí kò fi òógùn wá. Lórí náírà tí ó kẹ́yìn nínú owó nọ́ọ̀sì tí ó ń ṣiṣẹ́ òru, 21% ni.

Ìṣirò tuntun: òfin 2025

Ní 26 oṣù kẹfà 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin mẹ́rin lórí owó orí. Èyí tí ó kan ọ̀rọ̀ yìí jù ni Òfin Owó Orí Nàìjíríà, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1 oṣù kìíní 2026. Ó fa àkàsọ̀ náà gùn. Kò sí owó orí lórí ₦800,000 àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, 15% ni lórí ₦2,200,000 tí ó tẹ̀ lé e, 18% lórí ₦9,000,000, 21% lórí ₦13,000,000, 23% lórí ₦25,000,000, àti 25% lórí ohun tí ó bá kọjá ₦50,000,000. Ẹni tí ó ń gba owó oṣù tí ó kéré jù lórílẹ̀-èdè kò ní san rárá. Òfin náà pa ìdẹ̀rùn àtijọ́ rẹ́, ó sì fi ìdẹ̀rùn owó ilé rọ́pò rẹ̀: ayálégbé lè yọ 20% owó ilé tí ó san lọ́dún, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ju ₦500,000 lọ.

Bí nọ́ọ̀sì àgbà wa bá ń san ₦1,200,000 fún ilé lọ́dún, ìdẹ̀rùn rẹ̀ jẹ́ ₦240,000, owó orí rẹ̀ sì di ₦394,800, ìyẹn 11%. Ó dín ní ₦56,000 sí ti àtijọ́. Bí olówó tí ₦60,000,000 ń wọlé fún bá tilẹ̀ gba gbogbo ìdẹ̀rùn ₦500,000, owó orí rẹ̀ di ₦12,805,000, ìyẹn 21.3%. Àlàfo tí ó wà láàrin àwọn méjèèjì fẹ̀ sí i, ìdẹ̀rùn kò sì pọ̀ sí i fún olówó mọ́. Èrè tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá jẹ lórí ilẹ̀ náà ti wọ inú àkàsọ̀ kan náà pẹ̀lú owó oṣù, àyàfi èrè lórí ilé tí ènìyàn ń gbé fúnra rẹ̀. Lórí ìwé, àtúnṣe gidi ni èyí.

Owó tí ojú tó àti owó tí ojú kò tó

Ṣùgbọ́n ìwé òfin kì í gba owó; ènìyàn ni ó ń gbà á, ibi tí ojú rẹ̀ bá tó ni ọwọ́ rẹ̀ ń tó. Ìlànà tí wọ́n ń pè ní PAYE ni ó ń mú kí owó oṣù hàn kedere. Agbanisíṣẹ́ ni ó ń yọ owó orí, tí ó ń fi ránṣẹ́ sí ìjọba ìpínlẹ̀. Òṣìṣẹ́ kò lè fi kọ́bọ̀ kan pamọ́, kódà bí ó bá fẹ́.

Owó ilé kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ bá yá ilé, òfin mú un ní dandan kí ó yọ 10% sílẹ̀ fún ìjọba kí ó tó san ìyókù fún onílé. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìdílé kan ni ó yá ilé náà, kò sí ẹni tí yóò yọ ohunkóhun. Ìdílé ni ó sì pọ̀ jù nínú àwọn ayálégbé Èjìgbò. Onílé tí ó ní ilé mẹ́rin, tí ayálégbé ogún ń san owó fún, ni yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sọ iye tí ó gbà. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè, ní abala 24, ní kí gbogbo ará ìlú sọ òótọ́ nípa owó tí ń wọlé fún wọn. Kò sí ohun tí ó burú nínú fífi ọkàn tán ènìyàn, àmọ́ ìdájọ́ kò dọ́gba bí ó bá jẹ́ pé onílé nìkan ni a fi ọkàn tán, tí a sì ń yọ ti ayálégbé rẹ̀ láti orísun.

Ibí ni ìdẹ̀rùn owó ilé nínú òfin tuntun ti lè ṣe ju dídín ẹrù ayálégbé kù lọ. Ayálégbé tí ó bá fẹ́ jẹ àǹfààní rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ iye tí ó san gan-an. Owó tí ayálégbé san ni owó tí onílé gbà. Bí ilé-iṣẹ́ owó orí ìpínlẹ̀ Èkó bá to àwọn ìwé yìí jọ ní àdúgbò kan sí àdúgbò kejì, owó tí ó ti wà nínú òkùnkùn yóò bọ́ sí ìmọ́lẹ̀. Bí wọn kò bá tò ó jọ, ìdẹ̀rùn náà yóò kàn jẹ́ ẹ̀dínwó fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n béèrè.

Owó ilẹ̀ àti ilé tí Èkó ń pè ní Land Use Charge ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Nígbà tí ìjọba gbé òfin tuntun jáde lórí rẹ̀ ní 2018, ariwo sọ káàkiri ìpínlẹ̀. Ní 2020, wọ́n dín ìdá rẹ̀ kù ní 48%. Ti ilé tí onílé ń gbé fúnra rẹ̀ bọ́ láti 0.076% sí 0.0394% iye ilé náà. Lórí ilé tí wọ́n díye lé ₦100,000,000, èyí jẹ́ ₦39,400, kí wọ́n tó yọ ìdẹ̀rùn kankan. Ìdá kan nínú mẹ́wàá owó orí nọ́ọ̀sì wa nìyẹn. Lóòótọ́, owó tí ń wọlé àti iye ilé kì í ṣe ohun kan náà. Àgbà tí ó ti fẹ̀yìn tì lè wà nínú ilé ńlá láìní owó lọ́wọ́, ìdí sì nìyí tí òfin fi yọ àwọn tí ó ti fẹ̀yìn tì sílẹ̀. Síbẹ̀, ìfiwéra náà fi hàn pé iṣẹ́ ọwọ́ ni owó orí ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, ọrọ̀ tí ó jókòó sójú kan kò mọ̀ ọ́n lára.

Ní ìdàkejì, wo awakọ̀ dáńfó. Ní oṣù kejì 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ ètò owó àpapọ̀ ₦800 lójúmọ́ fún ọkọ̀ èrò, kí ó lè dípò ọ̀pọ̀lọpọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń já fún awakọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bí awakọ̀ bá ṣiṣẹ́ ọjọ́ 300 lọ́dún, ₦240,000 ni ó san, láìka ohun tí agbérò bá tún gbà. Owó yìí kì í ṣe owó orí lórí èrè, ó sì lérè pé ó fẹ́ kó owó kéékèèké jọ sójú kan. Ṣùgbọ́n kí a ní ₦1,500,000 ni ó kù sọ́wọ́ awakọ̀ náà lọ́dún. Lórí owó yìí, àkàsọ̀ tuntun yóò gba ₦105,000, ìyẹn 7%. Owó ojoojúmọ́ náà jẹ́ 16%. Ìlànà tí Agbẹ́kọ̀yà bá jà, iye kan náà lórí orí gbogbo ènìyàn, ṣì wà nínú mọ́tò.

Ilé-iṣẹ́ ńlá àti ojú ọ̀nà táńkà

Ti ilé-iṣẹ́ ńlá gba àlàyé ọ̀tọ̀. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè fi owó orí lórí èrè ilé-iṣẹ́ sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. 30% ni ìdá rẹ̀ nínú òfin. Ilé-iṣẹ́ kékeré tí ọjà tí ó tà lọ́dún kò ju ₦100,000,000 lọ, tí dúkìá rẹ̀ kò sì kọjá ìwọ̀n tí òfin là sílẹ̀, kò ní san nǹkan kan, èyí sì jẹ́ ìrànwọ́ gidi fún oníṣòwò ẹgbẹ́ àárín. Fún àwọn tí ó tóbi jù, ìṣòro kì í ṣe 30%, bí kò ṣe iye tí ó ń kù lẹ́yìn àwọn àǹfààní. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òfin 1971 gba àwọn ilé-iṣẹ́ tí ìjọba kà sí aṣáájú láàyè láti má san owó orí lórí èrè fún ọdún mẹ́ta, kí wọ́n sì tún fi ọdún méjì lé e. Òfin 2025 pa èyí rẹ́. Ó fi ìdẹ̀rùn tí a so mọ́ owó tí ilé-iṣẹ́ náà ná gan-an rọ́pò rẹ̀, ó sì ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó tóbi jù má ṣe san ohun tí ó kéré sí 15% èrè wọn, ohunkóhun tí ìṣirò wọn ìbáà jẹ́.

VAT náà ń fi ìyàtọ̀ hàn. 7.5% ni láti 2020, òfin tuntun kò sì fi kún un. Ó mú kí oúnjẹ tí gbogbo ènìyàn ń jẹ, ìtọ́jú ìlera àti ẹ̀kọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ lè gba VAT tí ó san lórí ohun tí ó rà fún iṣẹ́ rẹ̀ padà, ìdílé kò sì lè gba tirẹ̀ padà. Ẹni tí ó ń ná gbogbo owó rẹ̀ tán lóṣooṣù ń san án lórí gbogbo ohun tí òfin kò yọ sílẹ̀; ẹni tí ó ń fi ìdajì owó rẹ̀ ra ilẹ̀ ń san án lórí ìdajì péré.

Ní Èjìgbò, ìbéèrè tí ó kàn ni ibi tí owó náà ń padà sí. Dẹ́pò wà níbẹ̀. Táńkà ń tẹ ọ̀nà ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Owó orí lórí èrè tí ó ń ti inú epo náà jáde ń lọ sí àpò àpapọ̀, níbi tí wọ́n ti ń pín in: 52.68% fún ìjọba àpapọ̀, 26.72% fún àwọn ìpínlẹ̀, 20.60% fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀. Èjìgbò fúnra rẹ̀ kò sì sí nínú àwọn ìjọba ìbílẹ̀ 774 tí ìwé òfin kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ọ̀kan nínú agbègbè ìdàgbàsókè 37 tí ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní 2003 ni. Ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ sọ ní 2004 pé Èkó lẹ́tọ̀ọ́ láti dá wọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò tíì parí títí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ yóò fi ṣe tirẹ̀. Nítorí náà, ohun tí ó bá wọlé ní orúkọ Òṣòdì-Ìsọlọ̀ ni Èjìgbò ń bá wọn pín.

Òfin 1998 tí ó pín owó orí láàrin ìpele ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi hàn kí ni ó kù fún ìjọba tí ó sún mọ́ ará ìlú jù: owó ṣọ́ọ̀bù, owó ọjà, owó ibùdókọ̀, owó pátákó ìpolówó. Èyí ni pé ìjọba tí ó yẹ kí ó dí kòtò iwájú dẹ́pò kò lè fọwọ́ kan èrè dẹ́pò. Ṣọ́ọ̀bù ìyá alátà tí ó wà ní òdìkejì ọ̀nà nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ tó. Ìjọba tí ọwọ́ rẹ̀ tó èrè náà sì wà ní Àbújá. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Òwe náà ń pè fún àjọṣe, àjọṣe yìí gan-an ni ètò pínpín owó orí kò tíì ṣe dé ìsàlẹ̀. Òfin 2025 gbé ìgbésẹ̀ kan lórí VAT: ó gbé ìpín àwọn ìpínlẹ̀ láti 50% sí 55%, ó sì fi kún ìwọ̀n tí wọ́n ń fún ibi tí wọ́n ti lo ọjà náà. Kò sí irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ fún ibi tí iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ti ń ba ọ̀nà jẹ́.

Àwíjàre àti ìdáhùn

Àwíjàre mẹ́ta ni ó sábà máa ń jáde bí a bá sọ pé kí olówó san sí i. Àkọ́kọ́ ni pé yóò kó owó rẹ̀ sá lọ. Èyí lè jẹ́ òótọ́ fún owó tí ó wà ní báńkì, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í ṣí lọ. Ilé alájà mẹ́rin kì í wọ ọkọ̀ òfuurufú. Bí ìjọba bá ń bẹ̀rù sísá, orí ilẹ̀ àti ilé ni ó yẹ kí ó ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe orí owó oṣù.

Èkejì ni pé olówó ti ń pèsè iná, omi àti ààbò fún ara rẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Ní àdúgbò ẹgbẹ́ àárín káàkiri Èkó, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò ni ó ń dá owó ra tiransifọ́mà, tí ó ń gba ọlọ́dẹ, tí ó ń da òkúta sí ojú ọ̀nà. Owó orí kejì nìyẹn, ilé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì sábà máa ń bù ú lé, olówó àti aláìní bákan náà.

Ẹ̀kẹta ni ó lágbára jù: pé ìjọba yóò kó owó náà jẹ. Kò sí ìṣirò tí ó lè dáhùn èyí. Ohun tí a lè sọ ni pé àìgbẹ́kẹ̀lé yìí kò pín ẹrù ní dọ́gbadọ́gba. Olówó tí kò gbẹ́kẹ̀ lé ìjọba lè fi owó rẹ̀ pamọ́. Nọ́ọ̀sì tí kò gbẹ́kẹ̀ lé e yóò ṣì san, nítorí pé wọn kì í bi í léèrè. Bí ìgbẹ́kẹ̀lé bá ti ń dín kù, ẹgbẹ́ àárín ni ó ń kù sábẹ́ ẹrù náà.

Àgbálọgbábọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ti fi hàn pé òfin 2025 tún àkàsọ̀ owó orí ṣe, ó sì dín ẹrù ẹgbẹ́ àárín kù lórí owó oṣù. Èyí tí ó ṣẹ́ kù pín sí mẹ́ta. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ lo ìwé owó ilé tí ayálégbé ń mú wá láti fi mọ owó tí onílé ń gbà. Kí wọ́n wọn owó ojoojúmọ́ tí awakọ̀ àti oníṣòwò kékeré ń san mọ́ èrè wọn, kí ó má ṣe jẹ́ iye kan fún orí gbogbo. Kí apá kan nínú owó orí ilé-iṣẹ́ padà sí ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti ń ni ará ìlú lára, kí ipò Èjìgbò àti àwọn agbègbè bí i tirẹ̀ nínú ìwé òfin sì yanjú, kí wọ́n lè rí ohun tí wọn yóò fi tún ọ̀nà ṣe.

Yorùbá kò ní láti yí orúkọ owó orí padà. Ohun tí ó yẹ kí ó yí padà ni ohun tí orúkọ náà ń kà. Ìbéèrè tí àwọn obìnrin Abẹ́òkúta àti àwọn Agbẹ́kọ̀yà bi ìjọba kò tíì gba ìdáhùn tí ó kún: èéṣe tí ẹni tí ó ní díẹ̀ fi ń san ohun tí gbogbo ojú rí, tí ẹni tí ó ní púpọ̀ sì ń san ohun tí ó bá wù ú láti sọ? Títí ìdáhùn yóò fi dé, táńkà yóò máa kọjá ní Èjìgbò, ẹni tí ó ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni yóò sì máa san owó ọ̀nà náà.